Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ọkùnrin Tó Fẹ́ Dúró Ti Obìnrin

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ẹ ṣeun. Mo mú mẹ́rin jáde torí wọ́n fara pẹ́ra, gbogbo wọn ló dá lórí bí wọ́n ṣe ń fojú kéré obìnrin níbi iṣẹ́, lọ́jà àti nílé, àti ohun tí ẹni tí ìyà náà ò jẹ lè ṣe sí i. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìṣesí èèyàn láwùjọ ti wo ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì máa ya díẹ̀ lò nínú ohun tí wọ́n rí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa fẹ́ yan máníjà fún ẹ̀ka wa tuntun, gbogbo wa la sì mọ̀ pé obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló tọ́ sí, iṣẹ́ ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ẹ̀ ní mítìn báyìí ni ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní "èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó yìí, oṣù mélòó ló kù tó máa wá gba lífù ìbímọ?" Gbogbo wa dákẹ́. Obìnrin náà gan-an rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni, kò sọ nǹkan kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀rọ̀ àmọ́ mo ní ẹni tọ́rọ̀ kàn ò sọ nǹkan, kí ló wá kan tèmi? Ṣé ó yẹ kí n dá sí i ni àbí ayọjúràn ni máa jẹ́? *Ọmọ Ọ́fíìsì, Ìkẹjà*

Àbúrò mi, ó yẹ kó o dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kọjá, ó ṣì ṣeé sọ báyìí.

Ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀rín obìnrin yẹn, torí òun ló tàn ẹ́. Lọ́dún 2001, Julie Woodzicka àti Marianne LaFrance gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan pé ká ní o lọ ṣe íńtáfíù iṣẹ́, tí ọkùnrin tó jókòó síwájú ẹ wá bi ẹ́ pé ṣó o ní bọ̀ìfúrẹ́ǹdì, ṣé àwọn èèyàn máa ń sọ pé o wù wọ́n, ṣé ó ṣe pàtàkì kóbìnrin máa wọ kọ́mú wá síbi iṣẹ́, kí lo máa ṣe? Inú bí wọn, 68 nínú 100 ló ní ó kéré tán ìbéèrè kan wà tí àwọn ò ní dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn míì tiẹ̀ ní ńṣe làwọn máa dìde jáde. Ó dáa. Wọ́n wá pe obìnrin 50 míì wá fún íńtáfíù táwọn yẹn gbà pé iṣẹ́ gidi ni, ọkùnrin kan bi ìdajì wọn ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gẹ́lẹ́. Kò sí ẹyọ kan tó kọ̀ láti dáhùn. Àwọn kan fọgbọ́n béèrè ìdí tó fi ń bi wọ́n, ibẹ̀ náà ló mọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn náà bó ṣe rí lára wọn, àwọn tí ẹ̀rù bà pọ̀ ju àwọn tínú bí lọ. Àwọn olùwádìí yìí tún jókòó ti fídíò ẹ̀, wọ́n wo ojú àwọn obìnrin náà, wọ́n rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ètè lásán tí ò dé ojú.

Ẹ̀rín tó o rí nínú mítìn yín nìyẹn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ò lè máa bá ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ó ń ṣírò ohun tó máa ná an kó tó lanu, ìwọ ò dẹ̀ ní irú ìṣirò yẹn í ṣe lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì ni pé ọ̀rọ̀ ẹ máa wọlé ju tiẹ̀ lọ. Alexander Czopp àti Margo Monteith ṣèwádìí lórí èyí, wọ́n gbé e jáde ní 2003: tí wọ́n bá pe èèyàn sí àkíyèsí pé ohun tó sọ ò dáa sí ẹ̀yà kan tàbí sí obìnrin, tó bá jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ bà gangan ló sọ ọ́, inú onítọ̀hún máa ń tètè ru, á ní ẹni yẹn ti ń sọ ọ́ di ńlá. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tí ò sí nínú àwọn tọ́rọ̀ bà ló sọ ọ́, ó máa ń ká a lára, á dà á rò. Wọ́n tún rí i pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n torí ẹ̀ bá èèyàn wí, kì í ká a lára tó ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, àwọn míì á kàn fi rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn sí èyí rárá. Pé ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu ọkùnrin nìkan ló ti ń wúwo, ìrẹ́jẹ nìyẹn fúnra ẹ̀, ká má ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé bó ṣe rí lónìí nìyẹn, ẹnu tí wọ́n ń gbọ́, lò ó fún ẹni tí wọn ò gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, ìyẹn ti àwọn ọkùnrin tó kù nínú yàrá yẹn. O rò pé ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ náà ò bá lára mu, àbí? Jẹ́ n sọ ti Riyadh fún ẹ, ní Saudi Arabia. Leonardo Bursztyn, Alessandra González àti David Yanagizawa-Drott kó 500 ọkùnrin jọ níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó níyàwó nílé ni gbogbo wọn, wọ́n ń jókòó ní bí ọgbọ̀n ọgbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn dẹ̀ mọra torí àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá. Wọ́n bi kálukú ní bòńkẹ́lẹ́ pé ṣó gbà kóbìnrin máa ṣiṣẹ́ níta. 87 nínú 100 ní àwọn gbà. Wọ́n wá ní kí kálukú fojú díwọ̀n iye àwọn tó jókòó sínú yàrá náà tó máa gbà bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló díwọ̀n ẹ̀ kéré ju bó ṣe rí lọ. Ṣó o rí i? Ọkùnrin jókòó ti ọkùnrin, èrò kan náà ló wà lọ́kàn wọn, kálukú ń bẹ̀rù ohun tí ẹnì kejì máa sọ!

Wọ́n wá sọ iye gidi náà fún ìdajì wọn, wọn ò sọ fún ìdajì tó kù. Lẹ́yìn yẹn wọ́n fún gbogbo wọn láǹfààní láti forúkọ ìyàwó wọn sílẹ̀ lórí áàpù kan tó ń báni wáṣẹ́. Nínú àwọn tí wọn ò sọ fún, 23 nínú 100 ló forúkọ sílẹ̀, nínú àwọn tó gbọ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀, 32. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà ní bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ìyàwó àwọn tó gbọ́ tó ti kọ̀wé wáṣẹ́ níta jẹ́ bíi 16 nínú 100, ti àwọn yòókù ò ju bíi 6 lọ. Ẹnikẹ́ni ò wàásù fún wọn o, kò sẹ́ni tó bú wọn, ńṣe ni wọ́n kàn jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹlòmíì ń rò. Ohun tí gbólóhùn kan láti ẹnu ẹ lè ṣe nínú mítìn yẹn nìyẹn, àwọn tó kù á mọ̀ pé àwọn ò dá wà.

Báwo lo ṣe máa sọ ọ́? Má pe ọ̀gá ní aníkà, kò ní gbọ́ nǹkan míì mọ́. Sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, gbogbo àwa ọkùnrin tá a ṣègbéyàwó nínú ilé iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi wá ní ti ọmọ kí wọ́n tó gbé wa sípò, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó ti ṣe." Kó o padà síbi iṣẹ́ náà, kó o máa ka ohun tó ti ṣe níkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kó o tó lọ bá ọ̀gá báyìí, lọ bá obìnrin náà ná. Bi í bóyá ó fẹ́ kó o sọ ọ́, àti bó ṣe fẹ́ kó o sọ ọ́. Òun ló máa jókòó sórí àga yẹn, òun náà ló máa jìyà ẹ̀ tó bá dojú rú.

Ẹ kú làákàyè, olóòtú wa. Obìnrin la pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa lọ́jà aṣọ. Wọ́n fẹ́ lé wa kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń san owó ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ lọ́yà wá dìde, ó ní òun á bá wa jà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run á san án lẹ́san o, ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ gbogbo ibi tá a bá dé, òun ló ń sọ̀rọ̀. Rédíò pè wá, òun ló lọ. Ó lọ bá wọn dúnàá-dúrà, ó padà wá sọ fún wa pé òun ti gbà fún wọn pé ká kó lọ sí ẹ̀yìn ọjà, kò bi wá! Ojú ń tì wá láti sọ fún un torí ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é. *Ìyá Ìbejì*

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, ẹ sọ fún un, ẹ sì tètè sọ ọ́ kó tó fọwọ́ sí nǹkan.

Ohun tó ń ṣe yìí kì í ṣe torí pé ó níwà burúkú. Arie Nadler, onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì, ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn tó lágbára àtàwọn tí ò ní. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni pé kí n bá yín ṣe é tán pátápátá, ẹ kàn máa wojú mi, ìgbà tí wàhálà míì bá dé ẹ tún máa pè mí. Èkejì ni pé kí n fún yín ní ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe é fúnra yín, kí n sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó wà lókè sábà máa ń fẹ́ ti àkọ́kọ́, nígbà míì òun gan-an ò mọ̀, torí èyí ló jẹ́ kó ṣì wà lókè.

Helena Radke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ náà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2020, wọ́n to ohun tó máa ń mú ẹni tó wà lápá tó rọ̀ ṣọ̀mù dìde fún ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Àwọn kan ń ṣe é torí pé wọ́n fẹ́ kí ìgbé ayé àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ yẹn dáa lóòótọ́, àwọn kan torí pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tí wọ́n gbà pé ó tọ́ mu, àwọn kan ń wá èrè ara wọn, orúkọ tàbí ipò, àwọn kan dẹ̀ wà tí wọ́n gbà láti ṣe é níwọ̀n ìgbà tí ò bá ti dí apá tiwọn lọ́wọ́. Mi ò mọ ti lọ́yà yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdàpọ̀, èèyàn ni. Ìgbà tí ẹ bá sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ máa mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tẹ́ ẹ sọ yẹn náà, ẹ fiyè sí i. Tamar Saguy àtàwọn mẹ́ta míì ṣe ohun kan ní 2009, wọ́n pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n fún ẹgbẹ́ kan lágbára láti pín máàkì tí gbogbo wọn ń fẹ́. Kí wọ́n tó pín in, wọ́n ní káwọn kan sọ̀rọ̀ nípa ohun tó pa wọ́n pọ̀ nìkan, káwọn míì sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ dídùn yẹn, ara tu wọ́n, àwọn tí ò lágbára wá gbà lọ́kàn ara wọn pé wọ́n á pín in dọ́gba fáwọn. Wọn ò pín in dọ́gba o. Bí wọ́n ṣe rẹ́ àwọn tó kù jẹ náà ni wọ́n rẹ́ àwọn wọ̀nyí jẹ. Ìyá wa, ìfẹ́ tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ yìí dùn, àmọ́ ìfẹ́ nìkan ò ní gba ṣọ́ọ̀bù padà fún yín.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, láyé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta, táwọn ìyá ọjà dìde nítorí owó orí títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949, ọkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ gbágbágbá, ọkùnrin tí kò kéré ni, òun ni ọ̀gá iléèwé Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Àmọ́ ohùn àwọn obìnrin yẹn ni ààfin gbọ́, àwọn ni wọ́n kọ́ ara wọn ní ìwé kíkà, àwọn ló kọrin lọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Torí náà ẹ pè é, ẹ̀yin àti ẹni méjì míì, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́, kójú má bàa tì í. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ wá sọ pé, "Ọmọ mi, láti ìsinsìnyí, àwa la máa sọ̀rọ̀, ìwọ á jókòó tì wá, tó bá kan òfin wàá sọ ohun tí òfin wí. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi lọ̀ ẹ́, gbé e wá sílé, a máa dìbò lé e." Ẹ tún ní kó mú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù yẹn wá, kó kà á ní Yorùbá ní ìlà ní ìlà fún ẹni mẹ́ta nínú yín títí ó fi máa yé wọn. Tí rédíò bá tún pè é, nọ́ńbà yín ni kó fún wọn. Ti pé ó ti gbà fún wọn pé kẹ́ ẹ kó lọ sẹ́yìn ọjà, ẹ ní kó kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí pé ẹgbẹ́ ò tíì fọwọ́ sí i.

Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ o. Ọkọ mi kì í lù mí, kì í bú mi, ó máa ń gbé mi gẹ̀gẹ̀. Àmọ́ wọ́n fún mi nípò tó tóbi ju èyí tí mo wà lọ níbi iṣẹ́, n óò máa lọ s'Ábùjá nígbà míì, ó ní rárá o, ó ní obìnrin kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa fara ṣe làálàá, iṣẹ́ ọkùnrin ni láti dáàbò bò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n dúpẹ́. Kí ló dé tínú mi ò dùn? *Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn*

Inú ẹ ò dùn torí wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ. Peter Glick àti Susan Fiske ló ṣàlàyé èyí dáadáa ní 1996. Wọ́n ní ẹ̀tanú sí obìnrin ní apá méjì, ọ̀kan ni ìkórìíra gbangba, èkejì ni èyí tó ń fi ìkẹ́ bora, bíi kí wọ́n sọ pé ó yẹ kọ́kùnrin máa ṣìkẹ́ obìnrin kó sì máa dáàbò bò ó. Wọ́n gbé e dé orílẹ̀-èdè 19 lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n bi lé ní 15,000, Nàìjíríà wà ńbẹ̀, Kúbà àti Bràsíl náà wà ńbẹ̀. Níbi tí ọ̀kan bá ti pọ̀ nílùú, èkejì náà máa ń pọ̀ níbẹ̀ ni, wọn kì í yara. Ní àwọn ìlú tí ẹ̀tanú yìí ti le jù, tiwa, Kúbà, South Africa àti Botswana, àwọn obìnrin gba ti ìkẹ́ yẹn mọ́ra tó ọkùnrin, wọ́n tiẹ̀ lè jù wọ́n lọ. Ó yé mi. Níbi tí ìkórìíra bá ti pọ̀, ẹni tó bá lóun á dáàbò bò ẹ́ lo máa sá tọ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀rẹ́ ẹ fi ní kó o dúpẹ́.

Mi ò sọ pé ọkọ ẹ ò nífẹ̀ẹ́ ẹ o. Bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ara bá tù ú, pé ká ní ọmọ wa ọkùnrin ni wọ́n fún nírú ipò yìí, kí lo máa sọ fún un? Tó bá ní ẹ̀rù ọ̀nà Abùjá ló ń ba òun, ó ní ojútùú ìyẹn, ẹ jọ sọ nípa mọ́tò, bàálù àti ibi tí wàá máa sùn. Tó bá jẹ́ pé ipò yẹn gan-an ló ń bí i nínú, á hàn síta, ẹ sì máa mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń bá fà á.

Good evening ma. London ni mo wà, èmi lobìnrin kan ṣoṣo nínú tíìmù wa, èmi ni mo máa ń kọ mínítì, èmi ni mò ń ra kéèkì ọjọ́ ìbí, kò sẹ́ni tó fi dandan mú mi, wọ́n kàn máa ń dákẹ́ títí màá fi ní "ó dáa, màá ṣe é". Kí ni kí n ṣe? *Bùkọ́lá, London*

Bùkọ́lá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Linda Babcock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọ̀n ní 2017. Wọ́n jókòó àwọn èèyàn sídìí kọ̀ǹpútà ní mẹ́ta mẹ́ta, bọ́tìnì kan wà lójú ẹ̀, wọ́n fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì. Tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn gba dọ́là kan àti sẹ́ńtì 25, àwọn méjì tó kù gba dọ́là méjì méjì. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́, dọ́là kọ̀ọ̀kan péré ni kálukú máa gbà. Nítorí náà gbogbo wọn á máa wò, títí ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn. Tí ọkùnrin àtobìnrin bá jọ wà níbẹ̀, obìnrin fi nǹkan bíi 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju ọkùnrin lọ láti tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí obìnrin ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó bá jẹ́ àwọn nìkan. Ọkùnrin mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, ó kàn ń dúró de obìnrin tó wà nínú yàrá ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2005, Madeline Heilman àti Julie Chen ti fi hàn pé ọkùnrin tó bá ran ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ńbi iṣẹ́, wọ́n á yìn ín, obìnrin tó bá ṣe irú ẹ̀ kan náà, wọ́n á ní ojúṣe ẹ̀ náà ni, tí ò bá wá ṣe é, wọ́n á fi máàkì gé e. Ìdí tí mi ò fi ní sọ fún ẹ pé kó o kàn kọ̀ nìyẹn, wọ́n máa kà á sí ẹ lọ́rùn.

Wá ọkùnrin kan tó o fọkàn tán nínú tíìmù náà, kó jẹ́ pé òun ló máa gbé e kalẹ̀ pé mínítì ti di ti gbogbo wa, ká máa tò ó ní A-B-D orúkọ, òun á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kó fi ìlànà náà sínú ímeèlì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa ní òun ò gbọ́. Ti kéèkì náà, ẹ fi sínú ètò kan náà.